Ohùn Tí Mo Fi Pe Àbẹ̀kẹ́

Ohùn èmi àti ti màmá mi kò yàtọ̀ síra. Láti ìgbà tí mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́wàá ni àwọn èèyàn ti ń ṣì wá mú. Ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi nínú ilé á ní, "Ìyá Mojí, ẹ kú iṣẹ́ o," èmi náà á sì ṣe bí àgbà, màá ní, "A dúpẹ́ o," àbúrò mi á máa rẹ́rìn-ín títí á fi jókòó sílẹ̀. Ẹ̀bùn ni gbogbo ilé pè é. Ní Ìṣẹ́yìn, wọ́n ní ìyá màmá mi náà ní irú ohùn bẹ́ẹ̀, ohùn tútù tó máa ń fa ìparí ọ̀rọ̀ díẹ̀. Mo ti fi ohùn yìí kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ajah fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo ti fi kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa, mo sì ti fi ṣe ohun kan tí mo fẹ́ sọ ní orí yìí, ohun tí mo ti ń yí po láti bí ọgbọ̀n ọdún. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti bẹ̀rẹ̀ orí yìí. Lẹ́ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo kàn ń kọ ọ̀rọ̀ nípa ẹja ni.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lórí ẹja náà nígbà náà, nítorí kò sí bí mo ṣe lè sọ ti ọdún yẹn kí òórùn ẹja má tẹ̀lé e. Iṣẹ́ lílẹ táìsì mọ́ ilẹ̀ ilé ni bàbá mi ń ṣe. Wọ́n tẹ̀lé àwọn ará ìlú wọn wá sí Èkó láti Òkè-Ògùn nígbà tí ilé ń hù bí olú lójú ọ̀nà Lẹ́kkí, ibi tí iṣẹ́ bá gbé wọn dé ni wọ́n ń sùn, ọjọ́ Sátidé nìkan la máa ń fojú kàn wọ́n. Ọdún náà ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá màmá mi. Màmá mi di ẹrù, wọ́n ní àwọn ń lọ tọ́jú ìyá àwọn ní Ìṣẹ́yìn, àwọn á dé kí àgbàdo tó gbó. Àgbàdo gbó, a jẹ ẹ́ tán, wọ́n tún gbin òmíràn, Mọ́mì ò dé. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà, Títí àbúrò mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni wọ́n kó wa sí, opó kan tí ọkọ rẹ̀, ọmọ onílẹ̀, fi ilé sílẹ̀ fún lọ́nà Langbasa. Màmá Pálọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí inú pálọ̀ ló máa ń jókòó sí, lórí àga kan tó kọjú sí fèrèsé, ibẹ̀ ló ti ń rí gbogbo ohun tó bá ń lọ nínú àgbàlá. Nígbà náà, "wọ́n" ni mò ń pè é, a kì í pe àgbà ní "ó". Nínú ìwé yìí, "ó" ni màá pè é. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi wí kó kọ́kọ́ kà á dé ìparí, á rí ìdí pàtàkì tó fi yẹ kó bá mi wí.

Ẹja ni Màmá Pálọ̀ ń yan tà. Àwọn ará Eleko ló ń kó o wá fún un láàárọ̀ látinú ọkọ̀ ojú omi, ẹja tútù tí iyanrìn ṣì wà lára rẹ̀. Kí wọ́n tó dé, èmi ti jí, òòlù ti wà lọ́wọ́ mi. Igi tí a fi ń dáná kì í ṣe igi oko. Pákó tí àwọn bíríkìlà ti lò tán ni, a máa ń ṣà á ní sáìtì, sìmẹ́ńtì á ti gbẹ mọ́ ọn lára, ìṣó á sì kún inú rẹ̀. Èmi ni mò ń yọ ìṣó. Bí mo bá gbàgbé ọ̀kan, inú eérú ló máa bọ́ sí, ẹsẹ̀ ẹni tó bá wá kó eérú ló máa rí i, èmi náà sì ni mò ń kó eérú. Lẹ́yìn ìró òòlù ni ìpè ìrun, lẹ́yìn ìpè ìrun ni ẹ́ńjìnnì àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, èyí tí kì í dákẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Títí ló ń fi iyọ̀ ra ẹja. Ọwọ́ rẹ̀ kéré, egbò kì í tán níbẹ̀, iyọ̀ á máa ta á, á máa fẹ́ ẹ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Èmi á to ẹja sórí nẹ́ẹ̀tì onírin, màá sì máa yí i padà nínú ahéré pákó tó wà lẹ́yìn ilé, níbi tí dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta wà tí èéfín kì í kúrò. Bó ti wù kí a wẹ̀ tó, bí a bá dé kíláàsì, àwọn ẹlẹgbẹ́ wa á ní, "Ẹja yíyan ti dé o." Mi ò ní purọ́, a jẹun. Ní ilé yẹn, a jẹ ẹja ju ọmọ olówó lọ. Orí ẹja nínú ọbẹ̀ ata, ẹ̀bà gbígbóná, Títí á fa ojú ẹja tirẹ̀ mu, á wá rọra máa wo èyí tó wà nínú abọ́ mi. Mo máa ń fún un. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo máa ń fún un.

Màmá Pálọ̀ kì í pariwo. Èyí ni àwọn àlejò fi ń yìn ín. Oríkì ló fi ń pe ọmọ. Bí a bá ti kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, á gbé ọwọ́ lé wa lórí, á ní, "Àjọkẹ́ mi, Àbẹ̀kẹ́ mi." Àjọkẹ́ ni èmi, Àbẹ̀kẹ́ ni Títí. Á wá kì wá títí dé ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá wa tó ti kú, orí mi á wú, màá gbàgbé pé ebi ń pa mí. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí orúkọ yẹn ń wí: Àbẹ̀kẹ́, ọmọ tí a bẹ̀bẹ̀ kí a tó rí i kẹ́. Ohùn kan náà, oríkì kan náà, ló sì fi ń pe ọmọ tó bá fẹ́ nà. Kò sí bí o ṣe máa mọ èyí tó jẹ́. Ó lè ní, "Àbẹ̀kẹ́ mi, wá gbà," kó fún ọ ní bọ̀ọ̀lì tó gbóná. Ó lè pè ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, kó fà ọ́ mọ́ àyà, kó sì fa wáyà iná tó ká sábẹ́ tìmùtìmù àga rẹ̀ yọ. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a fi òsì fà á mọ́ra. Màmá Pálọ̀ mọ òwe yẹn dáadáa, ó máa ń pa á fún bàbá mi ní Sátidé, ṣùgbọ́n ó ti yí i po, ó máa ń kọ́kọ́ fa ọmọ mọ́ra ná. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, Títí ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹnikẹ́ni bá pe oríkì rẹ̀. Bí mo bá pè é ní Títí, á dá mi lóhùn kíá. Bí wọ́n bá pè é ní Àbẹ̀kẹ́, á wo ọwọ́ ẹni tó pè é kó tó wo ojú rẹ̀. Mo rí i. Mo tilẹ̀ sọ fún bàbá mi ní Sátidé kan pé Màmá ń nà wá. Wọ́n ń fi abẹ yọ sìmẹ́ńtì kúrò lábẹ́ èékánná wọn, wọn ò gbójú sókè. "Ta ni wọn ò nà rí?" ni wọ́n wí. "Ṣebí àwọn ló tọ́ èmi náà dàgbà." Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú nígbà yẹn. Lónìí, ìgbà tí mo bá rántí rẹ̀, àánú wọn ló ń ṣe mí.

Ọjọ́ tí mo ń sọ bọ́ sí àkókò ìsinmi. Obìnrin kan láti inú ẹ́sítéètì kan ní Lẹ́kkí ti bẹ Màmá Pálọ̀ ní ẹja ọbọ̀kún fún ìsọmọlórúkọ, èyí tó tóbi bí apá àgbà, nẹ́ẹ̀tì kan odindi. Màmá Pálọ̀ ní kí n má kúrò nídìí iná. Ṣùgbọ́n àwọn ará ilé kejì tan tẹlifíṣàn, fíìmù kan tí mo ti wo ìdajì rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ń wò, bí èèyàn bá sì dúró lórí búlọ́ọ̀kù lẹ́yìn fèrèsé wọn, á rí i. Mo sọ fún Títí pé, "Máa ṣọ́ iná, mò ń bọ̀." Ó ní, "Ó dáa, Sístà." Ọmọ ọdún mẹ́fà. Ọ̀rá ẹja kán sínú iná, iná sọ, nígbà tí màá fi padà, ọbọ̀kún ti dúdú bí èédú, Títí sì dúró ní iwájú ahéré, ó gbé abọ́ omi kékeré kan dání, ó ń sunkún. Òórùn náà ti dé pálọ̀. Mo gbọ́ tí Màmá Pálọ̀ ń wọ bàtà. Títí náà gbọ́ ọ, ó ju abọ́ sílẹ̀, ó sá. Nígbà tí Màmá Pálọ̀ dé ọ̀dọ̀ mi, kò tíì béèrè ohunkóhun kí n tó lanu. Mo ní, "Mo lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni, mà. Títí ló fi pákó kún iná."

Irọ́ yẹn nìkan kò tó ohun tí èèyàn ń kọ sínú ìwé, ọmọdé ń purọ́ nítorí ẹgba. Òun kọ́ ni ìtìjú mi. Inú ilé àkọ́ọ̀parí kan lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù ni Títí sá sí, yàrá pọ̀ níbẹ̀, kò sì sí iná. Màmá Pálọ̀ dúró níwájú ilé náà, ó pè é. "Àbẹ̀kẹ́ mi. Àbẹ̀kẹ́ ọmọ dáadáa. Wá gbà." Ó pè é títí, ohùn rẹ̀ kò le lẹ́ẹ̀kan. Ìró kankan kò jáde. Ó wá yíjú sí mi, ó fà mí sẹ́yìn ògiri kan, níbi tí ẹni tó wà nínú ilé kò ti lè rí mi.

"Àjọkẹ́ mi," ó ní, "pè é."

"Títí!"

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Pè é bí ìyá rẹ ṣe máa ń pè é."

Mo wò ó. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Ó ní, "Bí kò bá jáde, a jẹ́ pé ìwọ lo jó ẹja mi."

Mi ò ní sọ pé ohun tó ń wí kò yé mi. Ó yé mi. Mo fi ohùn Mọ́mì pè é, mo fa ìparí rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń fà á: "Àbẹ̀kẹ́ ò, Àbẹ̀kẹ́ ọkọ mi." Mo dúró. Ohun kan rá pálá nínú ilé náà, ṣùgbọ́n kò jáde. Nígbà náà ni mo fi kún un, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ mi: "Mọ́mì ti dé o. Wá bá mi sọ ẹrù." Mo ti gbìyànjú láti ti gbólóhùn yẹn sọ́rùn Màmá Pálọ̀ láti ọdún náà wá, kò gbà á. Èmi ni mo sọ ọ́. Títí jáde. Kò rọra jáde, ó sáré ni, ó na ọwọ́ méjèèjì, iyanrìn kún irun rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń wo òsì, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wá Mọ́mì. Màmá Pálọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì gbà á mọ́ra. Ó ní, "Ìyá rẹ wá, ó ti padà. Ó ní òun ò fẹ́ ọmọ tó ń jó ẹja." Mo wà lẹ́yìn ògiri. Mo gbọ́ ọ. Ẹ̀rù ló bà mí láti jáde sí i, mo sì dúró síbẹ̀.

Kò nà án lọ́jọ́ yẹn. Inú ahéré ẹja ló tì í mọ́, láàárín dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta náà, láti ìgbà tí wọ́n kírun ọ̀sán títí di àsárì. Èmi jókòó sórí òkúta níwájú ilẹ̀kùn, wọ́n gbé ẹ̀bà fún mi, mo jẹ ẹ́. Títí ń ké "Mọ́mì, Mọ́mì", kò ké pè mí lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ èmi ló sún mọ́ ọn jù. Lẹ́yìn náà, ikọ́ nìkan ni mò ń gbọ́. Lẹ́yìn náà, mi ò gbọ́ nǹkan kan, ẹ́ńjìnnì búlọ́ọ̀kù ló ń dún. Nígbà tí Màmá Pálọ̀ ṣí i, ó fi omi tútù bọ́jú fún un fúnra rẹ̀, ó gbé e lé itan, ó ń fi ẹja bọ́ ọ, ó ń kì í. Ojú Títí wú, ó ń jẹ ohun tí wọ́n ń fi sí i lẹ́nu. Mọ́mì dé ní oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ru ẹrù àgbàdo gbígbẹ, wọ́n ju ẹrù sílẹ̀ lẹ́nu géètì, wọ́n na ọwọ́, wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́ ò!" Títí pariwo, ó sá lọ bá Màmá Pálọ̀, ó kó sábẹ́ ìró rẹ̀. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọmọ ti gbàgbé ìyá. Mọ́mì náà gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo gbé ẹrù wọlé.

Wọ́n ní ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Èmi tí mo ṣu kò gbàgbé, mo kàn ń ṣe bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń rùn. Títí dàgbà, ó di onídìrí tí wọ́n ń wá mú láti ẹ́sítéètì dé ẹ́sítéètì, ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ dùn. Kò sí ẹni tó mọ èèyàn fẹ́ràn bíi tirẹ̀. Láàárọ̀, á pè mí lórí fóònù, "Sístà mi, ẹ̀yin nìkan ni mo ní láyé." Bí mo bá wà ní kíláàsì tí mi ò lè gbé e nígbà tó tún pè, á pè nígbà ọgbọ̀n, lẹ́yìn náà á kọ̀wé pé, "Ìwọ ẹni ibi, má pè mí mọ́." Láti "ẹ̀yin" sí "ìwọ", kò ju wákàtí kan lọ. Ó bá ọ̀gá mẹ́ta jà ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta. Bí èéfín súyà bá fẹ́ sí i lójú títì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kọ̀ láti gbé e. Mo rí àpá abẹ ní apá rẹ̀, tí ẹlòmíràn kò fà fún un, mo ní kó máa wọ aṣọ alápá gígùn. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń jẹ́ Kúnlé fẹ́ fi í ṣaya. Lọ́jọ́ ìbí Títí, Kúnlé kúnlẹ̀ pẹ̀lú kéèkì, ó pè é ní Àbẹ̀kẹ́ mi. Títí fọ́ àwo sára ògiri, ó lé e jáde. Ọkùnrin náà wá bá mi nílé, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe?" Ẹnu tí mo fi ń sọ̀rọ̀ yìí náà ni mo fi sọ pé, "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ìwà rẹ̀ ni." Mo tún mú Títí lọ sí ìjọ fún ìdáǹdè, wọ́n gbàdúrà lé e lórí fún ọjọ́ mẹ́ta láìjẹun, wọ́n ń lé ẹ̀mí àìmọ́ jáde, èmi ni mò ń ṣe àmín tó ga jù. Nígbà tí Màmá Pálọ̀ kú, níbi fídáù rẹ̀, mo dìde sọ̀rọ̀ pé ìyá rere ni. Títí kò bá Mọ́mì sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyí. Ìgbà kan, Mọ́mì, tí wọ́n ti padà sí Ìṣẹ́yìn, gbé oúnjẹ wá sí ibi tí Títí ń gbé, Títí ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Mọ́mì kúnlẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyá kúnlẹ̀ fún ọmọ tó bí, ó ń bẹ ẹ́ láti sọ ohun tí òun ṣe. Mo wà níbẹ̀, mo di àwo oúnjẹ mú.

Títí fúnra rẹ̀ ló gbé ara rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn níkẹyìn. Dókítà tó ń tọ́jú ọkàn, obìnrin kan tó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ní kó mú ẹbí kan wá, ó mú mi. Dókítà náà fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ó ní, "Mà, nǹkan méjì là ń bá jà. Àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pè ní PTSD. Ohun tó bani lẹ́rù ti kọjá, àmọ́ ara ò gbà pé ó ti kọjá. Òórùn kan, ohùn kan, ó ti dá ẹni náà padà síbẹ̀ nìyẹn. Èkejì ni borderline personality disorder. Ẹni tó ní in, bí o bá fẹ́ràn rẹ̀ lánàá, kò dá a lójú pé o ṣì fẹ́ràn rẹ̀ lónìí. Ẹ̀rù pé wọ́n máa fi òun sílẹ̀ ló máa ń mú kó kọ́kọ́ já àwọn náà sílẹ̀. Àìsàn méjèèjì dà bí ìbejì tí wọ́n wọ aṣọ kan náà, èèyàn máa ń ṣì wọ́n mú, wọ́n sì lè jọ wà lára ẹnì kan." Mo bi í bóyá ìyà ìgbà èwe ló ń fà á. Ó ní, "Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní in ló jìyà ní kékeré o, kì í sì í ṣe gbogbo ọmọ tó jìyà ló ń ní in. Àmọ́ tí mo bá ti rí i, mo gbọ́dọ̀ béèrè bí ilé ṣe rí. Ó ṣeé tọ́jú, mà. Kì í ṣe ìwà burúkú." Ó wo Títí, Títí sì sọ ti ọjọ́ náà. Ó sọ ti èéfín. Ó ní, "Mọ́mì mi wá lọ́jọ́ yẹn. Mo gbọ́ ohùn wọn, wọ́n pe oríkì mi, mo sáré jáde. Mọ́mì fà mí lé Màmá Pálọ̀ lọ́wọ́, wọ́n lọ. Àtìgbà yẹn, tí èèyàn bá ti sọ pé òun fẹ́ràn mi, mo ti máa ń wò ó pé ó ti fẹ́ lọ nìyẹn." Dókítà yíjú sí mi. "Ṣé ẹ̀yin náà rántí ọjọ́ náà, mà?" Mo ní, "Rárá. Ó ti pẹ́." Bẹ́ẹ̀ ni mo wí, níwájú àbúrò mi, nínú yàrá tí wọ́n ti ń wá ìwòsàn fún un.

Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ kò lọ lẹ́nu mi mọ́. Thomas Estate ni mò ń gbé báyìí, inú irú ilé tí bàbá mi ń lẹ táìsì sí nígbà ayé wọn, màá máa rìn láti yàrá dé pálọ̀ láìmọ ohun tí mò ń wá. Bí mo bá dákẹ́, Mọ́mì á kú láìmọ ìdí tí ọmọ wọn fi kọ̀ wọ́n. Bí mo bá sọ ọ́, èmi nìkan tó kù fún Títí á tún di ẹni tó fà á lé Màmá Pálọ̀ lọ́wọ́. Mo pe dókítà, mo jẹ́wọ́ fún un. Ó ní kí n sọ ọ́, kí n sọ ọ́ ní ọ̀sán, kí n má ṣe sọ ọ́ lórí fóònù, kí n má sì bẹ Títí pé kó dárí jì mí lójú ẹsẹ̀. Ní ọ̀sán Àìkú kan, mo lọ ṣe irun ní yàrá Títí. Mo jókòó sórí àpótí láàárín orúnkún rẹ̀, ó ti di ìdajì orí mi tán, inú rẹ̀ dùn, ó ní, "Sístà, ewú ti ń yọ o, ẹ ti di màmá àgbà."

Mo ní, "Títí, mo rántí ọjọ́ tí ẹja jó."

Ọwọ́ rẹ̀ ń bá iṣẹ́ lọ. "Ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ò rántí."

"Mo purọ́. Èmi ni mo fi iná sílẹ̀ lọ wo fíìmù. Mo ní ìwọ lo fi pákó kún un."

"Mo mọ ìyẹn," ó ní. "Mo kéré ni, mi ò ya dìndìnrìn. Ó ti pẹ́ tí mo ti fi ìyẹn jì yín."

Mo fẹ́ dá a dúró síbẹ̀. Ọlọ́run ló mọ̀ pé mo fẹ́. Mo ní, "Mọ́mì ò wá lọ́jọ́ náà."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Mo gbọ́ ohùn wọn."

"Ohùn mi lo gbọ́."

Jẹnẹrétọ̀ onílé ń dún lẹ́yìn fèrèsé. Mi ò lè rí ojú rẹ̀, ìka rẹ̀ ló wà nínú irun mi, mo sì gbọ́ bí wọ́n ṣe ń le. Mo ní kí n sọ pé wọ́n fipá mú mi ni, mo gbé e mì.

"Ìwọ ni," ó ní. Kò pariwo. "Mọ́mì kúnlẹ̀ fún mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn, o wà níbẹ̀, o gbé abọ́ dání, o ń wò wọ́n. Ìwọ ni." Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí mi. "Dìde. Máa lọ."

Mo fi ìborùn bo orí, mo gba ẹnu géètì ẹ́sítéètì wọlé pẹ̀lú dídì apá kan àti wúruwùru apá kejì, ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kí mi, mo kọjá lọ. Mi ò jẹ́ kí onídìrí mìíràn parí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi dé fìlà lọ sí ibi iṣẹ́. Mo pe Títí, kò gbé e. Ẹ̀rù àpá tó wà lápá rẹ̀ bà mí, mo pe dókítà, ó ní Títí wá ní ọjọ́ tó yẹ kó wá, pé òun ò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ní àkókò ìsinmi ọ̀sán ní ilé-ìwé, Mọ́mì pè láti Ìṣẹ́yìn. Ẹkún wà nínú ohùn wọn, ẹ̀rín sì wà níbẹ̀.

"Mojí, Títí wà lọ́dọ̀ mi o! Ó dé lánàá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, ó ní kí n dárí ji òun, mi ò tiẹ̀ mọ ohun tó ṣẹ̀. Mo sọ fún un pé mo mọ̀ pé ìwọ lo bá mi bá a sọ̀rọ̀. Ìwọ lo mú ọmọ mi padà fún mi. Olúwa kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya ìwọ àti àwọn ọmọ tìẹ láyé."

"Àmín, mà," ni mo wí. Ó ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó rò ó.

"Ó kàn ní ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́ kù, pé ìwọ lo máa sọ ọ́ fún mi. Mo bi í títí, ó ní òun ò ní bá ẹ sọ ọ́. Ó jókòó tì mí báyìí, ó ń wò mí. Ọ̀rọ̀ wo ni, Àjọkẹ́ mi?"

Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń ṣeré níta. Mo dìde, mo ti ilẹ̀kùn.

Mo ní, "Mọ́mì, àdúrà tí ẹ ṣe yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gbà á padà ná."